Kòtò Omi Ayé Àwọn Ará Sípéènì: Báwo La Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìlú San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé, ilé tí mo rà kò sì jìnnà sí òpópónà South Presa. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ilẹ̀ láti ri páìpù omi mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi, wọ́n kan òkúta funfun tí a tò ní ọ̀wọ́ méjì, ilẹ̀ dúdú sì wà láàárín wọn. Mo ní kí wọ́n dúró. Aládùúgbò mi kan ní kòtò omi àwọn ará Sípéènì ni, pé ó ti tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ọjọ́ orí kòtò lásán? Ṣé òótọ́ sì ni ohun tó sọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì ṣeun jùyẹn lọ tí ẹ dá àwọn òṣìṣẹ́ yín dúró kí wọ́n tó gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ìbéèrè yín kejì ni n óò kọ́kọ́ dáhùn. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ohun tí ẹ rí jẹ́ kòtò omi ayé àwọn ará Sípéènì, nítorí pé àdúgbò tí ẹ wà bá ìtàn náà mu, orúkọ òpópónà yín gan-an sì ti sọ díẹ̀ nínú rẹ̀: presa ni wọ́n ń pe ìsédò lédè Sípéènì. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé kòtò náà ju òkúta náà lọ lọ́jọ́ orí. Kòtò ní ọjọ́ orí tirẹ̀, òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ẹ ní ọjọ́ orí tirẹ̀, ilẹ̀ dúdú tó kún inú rẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ṣe ọ̀kan ni yóò sọ ohun tí aládùúgbò yín sọ.

Ní ọdún 1718 ni àwọn ará Sípéènì dá míṣọ̀n San Antonio de Valero sílẹ̀ nítòsí orísun odò San Antonio; míṣọ̀n ni ibùdó tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì kọ́ láti sọ àwọn ọmọ onílẹ̀ di Kristẹni. Ilé ìjọsìn míṣọ̀n yẹn ni gbogbo ayé mọ̀ sí Alamo lónìí. Míṣọ̀n San José tẹ̀ lé e ní 1720. Ní 1731 wọ́n kó míṣọ̀n mẹ́ta mìíràn, Concepción, San Juan Capistrano àti San Francisco de la Espada, kúrò ní ìlà-oòrùn Texas wá sí ẹ̀bá odò kan náà, ọdún yẹn náà sì ni ènìyàn 56 láti erékùṣù Canary dé, tí wọ́n tẹ ìlú San Fernando de Béxar dó. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò tí àgbẹ̀ lè gbẹ́kẹ̀ lé: ó lè ya lulẹ̀ lónìí bí ẹni pé ó fẹ́ gbé ilé lọ, kí ó sì dákẹ́ títí àgbàdo yóò fi gbẹ lórí ìdúró. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ omi fi ṣáájú iṣẹ́ ilé òkúta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kòtò àkọ́kọ́, ti Valero, ní 1719, nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún sì fi ń lọ sópin, kòtò ńláńlá 7 àti ìsédò 5 ni ó wà níbẹ̀, tí omi wọn ń rin ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 3,500.

Àwọn ìwé ìgbà náà kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn àlùfáà Franciscan ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ tó di ọkọ́ mú kì í ṣe tiwọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí àwọn òpìtàn ń pè lápapọ̀ ní Coahuiltecan, àwọn Payaya, àwọn Pajalat àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kéékèèké mìíràn tí wọ́n kó sínú míṣọ̀n, ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ṣànpọ̀nná tó jà ní 1739 pa ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kòtò míṣọ̀n Concepción nìkan ni ó ṣì gbé orúkọ àwọn kan nínú wọn dání: Pajalache ni wọ́n tún ń pè é, láti ara orúkọ àwọn Pajalat.

Acequia ni orúkọ irú kòtò bẹ́ẹ̀ lédè Sípéènì. Inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti yá a, nítorí pé lábẹ́ àwọn Mùsùlùmí tó jọba ní Sípéènì fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni ètò omi oko ti gbilẹ̀ níbẹ̀. “A” tó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí “àl” tó wà níwájú àlùbọ́sà tiwa. Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe. Ẹ óò sé odò ní òkè, kì í ṣe láti gbá a dúró pátápátá bí ti dáàmù òde òní, bí kò ṣe láti gbé ojú omi sókè díẹ̀ kí apá kan nínú rẹ̀ lè yà sínú kòtò. Odò ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Kòtò gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó máa rọ̀ mọ́ ara òkè, kí àyè àárín òun àti odò sì máa fẹ̀ sí i bí wọ́n ti ń lọ. Àyè yẹn ni oko. Bí kòtò bá da gẹ̀rẹ́ jù, omi yóò jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀; bí kò bá da gẹ̀rẹ́ tó, ẹrọ̀fọ̀ yóò dí i. Ẹ fojú inú wo ẹni tí yóò fi ọwọ́ wọn èyí fún máìlì mélòó kan láìsí ohun èlò ìgbàlódé kankan.

Ibi tí iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ti ń le nìyí. Ilé máa ń kó ìtàn jọ sára bí ó ti ń dàgbà, ààtàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, itẹ́ òkú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kòtò omi kì í kó ìtàn jọ, ńṣe ni wọ́n ń gbá a dànù. Ẹrọ̀fọ̀ kì í yéé rọ̀ sínú rẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá ń mu nínú omi rẹ̀ ni yóò kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti wá gbá a mọ́. Ní New Mexico wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní ní ìgbà ìrúwé, lábẹ́ àṣẹ ẹni tí wọ́n ń pè ní mayordomo. Ẹ wá rò ó wò. Bí ẹnì kan bá fọ́ àwo sínú kòtò ní 1750, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti kó àpáàdì rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá gbá kòtò kan fún ọgọ́jọ ọdún tí wọ́n sì wá fi í sílẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ tí a óò bá ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ti ọdún tí wọ́n gbá a kẹ́yìn ni. Mo ti rí ìwé tí àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ kọ, níbi tí wọ́n ti mú àpáàdì ìsàlẹ̀ kòtò tí wọ́n sì fi ṣe ọdún ìbí kòtò. Ọdún ikú rẹ̀ ni wọ́n mú.

Síbẹ̀, ọdún ikú pàápàá wúlò. A máa ń gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò tó tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí kòtò omi ní ìbú, kí a lè rí i bí ẹni gé búrẹ́dì wo inú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn tó nípọn sọ fún wa pé omi ń sáré níbẹ̀. Amọ̀ kíkúnná sọ pé omi ti ń dúró, pé kòtò ti ń ṣàárẹ̀. Ìkarahun ìgbín omi kéékèèké ń yàtọ̀ láàárín omi tó ń ṣàn àti omi tó rogún, àwọn tó mọ irú wọn yóò sì kà wọ́n fún wa. Lórí gbogbo ìyẹn ni ilẹ̀ dúdú tó kún fún pàǹtírí máa ń wà, bí irú èyí tí ẹ rí: egungun ẹran, ìgò, ìṣó, àpáàdì. Bí àpáàdì náà bá jẹ́ ti àwo funfun tí wọ́n fi búlúù ya ọnà sí lára, tí wọ́n ṣe ní Puebla ní Mẹ́síkò, ó lè jẹ́ ìgbà àwọn ará Sípéènì. Bí ó bá jẹ́ àwo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ àwòrán sí lára, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Ní San Antonio èyí ẹ̀yìn yìí ló wọ́pọ̀ jù, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Àrùn onígbáméjì jà nílùú náà ní 1849 àti ní 1866, àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo omi kòtò tí wọ́n ń pọn mu, tí wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sí, ní ojú mìíràn; nígbà tí ilé iṣẹ́ omi páìpù bẹ̀rẹ̀ ní 1878, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dí àwọn kòtò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá sún mọ́ wọn ni wọ́n fi dí i.

Tí a bá ń wá ọdún ìbí, kì í ṣe inú kòtò ni ká wò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí wọ́n hú jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò lọ jìnnà. Wọ́n dà á sí etí kòtò, ó sì bo ilẹ̀ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí a bò yẹn ni ẹ̀rí wa tó dára jù, nítorí ohunkóhun tó wà lórí rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò. Ìgbá ọdọọdún náà ń dà lé e lórí, ìpele lórí ìpele, tó fi jẹ́ pé ìtàn tí inú kòtò sọnù ni etí kòtò pa mọ́. Ibànújẹ́ ibẹ̀ ni pé etí kòtò ni àwọn tó ń kọ́ ilé máa ń kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà a kì í sábà rí i nínú ìlú. Bí tiyín bá ṣì kù díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn, òun ni n óò kọ́kọ́ bẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí èédú bá ti jáde, ọ̀rọ̀ parí, pé kábọ́ọ̀nù 14, èròjà inú ohun tó ti wà láàyè rí tó ń dín kù bí ọdún ti ń lọ, yóò sọ ọdún rẹ̀ fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà tí à ń sọ yìí. Láti nǹkan bí 1650 wá, iye kábọ́ọ̀nù 14 tó wà nínú afẹ́fẹ́ ń lọ sókè sódò débi pé igi tí wọ́n gé ní 1730 àti èyí tí wọ́n gé ní 1810 lè fún wa ní èsì kan náà. Ìyẹn ni pé ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an, bóyá ti míṣọ̀n ni tàbí ti lẹ́yìn rẹ̀, ni kò lè yà sọ́tọ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí a ń gbà bi iyanrìn fúnra rẹ̀ léèrè: hóró iyanrìn tó bá wà nínú òkùnkùn ilẹ̀ máa ń kó agbára ìtànṣán jọ díẹ̀díẹ̀, oòrùn a sì nù ún kúrò nígbà tí ó bá tún rí i, nítorí náà bí agbára inú rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni ó ti pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ tó. Ó dára, ṣùgbọ́n nínú omi tó dọ̀tí, oòrùn kì í rí gbogbo hóró, àwọn tí kò rí oòrùn yóò sì parọ́ pé àwọn dàgbà ju bí wọ́n ṣe dàgbà lọ. Nítorí náà ohun tí mo fara mọ́ jù ni kí a fi ọ̀nà wọ̀nyí gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, kí a má sì gba ọ̀kan ṣoṣo gbọ́.

Ìsédò àti afárá omi sàn díẹ̀, nítorí pé òkúta àti ẹfun tí wọ́n sun ni wọ́n fi mọ wọ́n, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbá wọn dànù lọ́dọọdún. Bí ẹ bá lọ sí ìhà gúúsù ìlú yín, ẹ óò rí ìsédò Espada, tí wọ́n ń sọ pé ó parí ní 1740, tó ṣì ń ya omi sínú kòtò rẹ̀ títí di òní. Níwájú díẹ̀, kòtò náà ní láti kọjá lórí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Piedras. Wọ́n kọ́ afárá òkúta olójú méjì fún un, tí orí ojú kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí ọrun, omi sì ń kọjá lórí omi. Ọdún 1745 ni wọ́n sábà ń fún ìparí rẹ̀. Kò sí afárá omi mìíràn tí àwọn ará Sípéènì kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wò ó: kì í ṣe gbogbo òkúta ara rẹ̀ ni ó ti 1745 wá, nítorí ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ fún igba ọdún ó lé ni a óò ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ní San Antonio, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ni ó ra ilẹ̀ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 kí ó má bàa bàjẹ́. Lónìí ó wà lára ogún àgbáyé tí UNESCO kọ sílẹ̀ ní 2015.

Nípa òkúta tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Nígbà ayé àwọn ará Sípéènì, kòtò inú ilẹ̀ lásán ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn acequia náà. Ìjọba ìlú San Antonio ló wá fi òkúta ẹfun tẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ wọn nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí omi má bàa máa jẹ ilẹ̀ òpópónà àti ilé. Òkúta tó gún régé, tí a tò tọ́ bí èyí tí ẹ ṣàpèjúwe, ni àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n sì ń pè ní iṣẹ́ àwọn àlùfáà. Irú nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ ní Los Angeles: wọ́n bẹ̀rẹ̀ kòtò Zanja Madre nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ní 1781, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé kàn án ní àdúgbò Chinatown ní 2014, páìpù ńlá tí wọ́n fi bíríkì mọ, iṣẹ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n bá nínú ilẹ̀. Omi náà ti wà tipẹ́. Aṣọ tí ó wọ̀ ni ó jẹ́ tuntun.

Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ju ṣọ́bìrì lọ nígbà mìíràn ni ìwé ilẹ̀ àti orúkọ òpópónà. Kòtò omi máa ń di ààlà láàárín ilẹ̀ ẹnì kan àti ti ẹnì kejì, nítorí náà ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀ ní 1800 yóò sọ pé ilẹ̀ náà “dé ibi acequia”, ìwé tí wọ́n fi tún un tà ní 1850 yóò sọ bẹ́ẹ̀, títí dé orí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin pàápàá, tí òpó ààlà yóò ti dípò kòtò. Òpópónà tí a ń pè ní Main Avenue ní ìlú yín, Acequia ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Bí òpópónà kan bá yà bìrí láìnídìí láàárín àwọn tó tọ́, ẹ béèrè bóyá omi ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ní Havana náà, òpópónà Zanja ṣì gbé orúkọ Zanja Real, kòtò omi tí wọ́n parí ní 1592. Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn wa máa sọ pé àwọn Lùkùmí, àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú, ló gbẹ́ ẹ. Ọdún kò gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dé Cuba. Ohun tí a lè sọ ni pé wọ́n bá kòtò náà níbẹ̀, omi rẹ̀ sì ṣì ń ṣàn wọ ìlú nígbà tí wọ́n dé.

Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ọdún yìí jẹ́ eré àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní Texas, ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ni. Lábẹ́ òfin Sípéènì, ilẹ̀ lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀: ẹni tí wọ́n pín ilẹ̀ fún nínú oko míṣọ̀n ń gba dula pẹ̀lú rẹ̀, èyíinì ni iye wákàtí tí omi kòtò yóò jẹ́ tirẹ̀. Nínú ẹjọ́ Valmont, tó parí ní 1962, wọ́n dájọ́ pé ilẹ̀ etí odò tí ọba Sípéènì fi tọrẹ kò fún onílẹ̀ lágbára láti fi omi odò rin oko bí ìwé kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ní pàtó. Ní ọdún kan náà, nínú ẹjọ́ àwọn Lewis pẹ̀lú àjọ tó ń bójú tó odò San Antonio, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Texas gbà pé àwọn àgbẹ̀ etí kòtò San Juan ní ẹ̀tọ́ sí omi tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ míṣọ̀n náà. Ohun tó fa ẹjọ́ ni pé wọ́n ti tún odò náà gbẹ́ kí àgbàrá má bàa máa bo ìlú, odò tuntun sì fi ìsédò San Juan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kan ilẹ̀ dúdú yẹn mọ́, ẹ má sì ṣa àpáàdì inú rẹ̀ jáde láti fi han àlejò, nítorí àpáàdì tó ti kúrò ní ipò rẹ̀ kò lè sọ nǹkan púpọ̀ mọ́. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ wọn àyè tó wà láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì, ẹ sì wò bóyá ẹfun tí wọ́n fi lẹ òkúta pọ̀ jẹ́ funfun rírọ̀ tí èékánná lè họ, tàbí aláwọ̀ eérú líle bíi ti sìmẹ́ǹtì. Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ọ̀rúndún kejìdínlógún ti jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ bá awalẹ̀pìtàn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìlú yín sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé àti ilẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ní àwòrán ilẹ̀ tó fi ipa kòtò hàn, wọ́n sì lè sọ bóyá ọ̀kan gba ẹ̀yìnkùlé yín kọjá kí wọ́n tó wá rárá. Páìpù yín lè gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí òkúta náà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ó kéré tán, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni etí kòtò tí mo sọ yóò wà bí ó bá ṣì kù.